Ibi Tí Iyì Ti Bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún tí omi ya wọ Ajégúnlẹ̀ létí Òwódé Onírin, orí tábìlì ni wọ́n bá Bàbá Ọlábámijí, káfíńtà àdúgbò, tó fìlà dé, tó kẹ́sẹ̀ léra. Adédiwúrà, ìyàwó rẹ̀, ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń sunkún. Yàkúbù tó ń tukọ̀ nawọ́ wọ ojú fèrèsé.

"Bàbá, ẹ jáde kíá."

"Yàkúbù, ṣé a jọ sùn ni?"

"Bàbá, omi ń gòkè o!"

"Mo rí omi. Kíkí tìẹ ni mi ò tíì gbọ́."

"Yàkúbù, jọ̀ọ́, kí wọn," ni Adédiwúrà wí, "kí wọ́n má lọ kú síbẹ̀."

Yàkúbù dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ fì, omi dà wọlé. "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?" Ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ, kó tó wọkọ̀.

Olórí kunkun ni, ta ni yóò jiyàn? Àmọ́ ẹni tó bá pè é ní agbéraga kò mọ̀ ọ́n. Wèrè kan ń rìn ìhòòhò ní Mile 12, àràárọ̀ ni Bàbá sì ń kí i: "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Ojú a máa ti Adédiwúrà.

"Wèrè lẹ ń fi 'ẹ' kí, Bàbá Ọlábámijí?"

"Ìhòòhò la bí gbogbo wa, síbẹ̀ wọ́n kí wa káàbọ̀. Ibẹ̀ ni iyì ti bẹ̀rẹ̀. Kò bá aṣọ wá, kò gbọdọ̀ bá aṣọ lọ."

Lọ́jọ́ kan tí Bàbá pẹ́ kó tó kọjá, wèrè ló kọ́kọ́ kí i. "Bàbá, kí ló dá yín dúró lónìí?" Odindi ọ̀sẹ̀ ni Bàbá fi ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wá ṣe àga.

Ọdún 2009 ló kú, omi sì tún ti gba ọ̀nà. Ohun tó ń dun Adédiwúrà ju ikú lọ ni pé wọ́n fẹ́ gbé ọkọ òun sọdá bí àpò gàrí. Ó sọ ọ́ títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbé pósí sókè, wọ́n ń ké pé kí wọ́n ṣe kíá kí òjò tó dé.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná," ni Yàkúbù wí.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ẹrọ̀fọ̀, tòun ti aṣọ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tó wọ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ilé ńkọ́?"

Kò dìde. Ó ń dúró de ìdáhùn.

Adédiwúrà nu ojú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àlàáfíà ni, ọmọ mi," ló dáhùn. "Ẹ lè máa gbé wọn lọ."