Àyà Sànúsí Lábẹ́ Ọwọ́ Ràzíátù

Ràzíátù ọmọ Sàláhúdéènì ń gbálẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń la igi gẹdú ní Kumasi. Lọ́dọọdún, nọ́ọ̀sì kan máa ń wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bí a ṣe ń dóòlà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró. Àwọn ọkùnrin a máa fi ọmọláńgidi tí nọ́ọ̀sì gbé wá ṣẹ̀fẹ̀. Ràzíátù kì í rẹ́rìn-ín. Ó máa ń ka iye ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń tẹ àyà ọmọláńgidi náà.

Ní Jímọ̀ọ̀ kan lọ́dún 1991, ní Moshie Zongo, àdúgbò wa, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sànúsí gun àkàbà láti tún wáyà gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí so. Iná gbé e. Ó já bọ́, wáyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni. Mo wà níbẹ̀, mo ní aago lọ́wọ́.

Àúdù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sáré sí i. Ràzíátù pariwo láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ pa iná ná!"

Wọ́n pa iná náà. Ràzíátù sáré lọ pe Kwaku onítakisí ní títì. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, ó yẹ kí ó rán ẹlòmíràn. Táyà ọkọ̀ Kwaku kan wà nílẹ̀. Ó ní òun ń dè é lọ́wọ́, òun ń bọ̀. Ìṣẹ́jú méjì lọ síbẹ̀.

Nígbà tí Ràzíátù padà dé, wọ́n ti tẹ́ Sànúsí sórí fóòmù, wọ́n kọjú rẹ̀ sí Kíbúlà, wọ́n sì ti fi aṣọ di àgbọ̀n rẹ̀.

"Ta ló dì í lẹ́nu?"

"Ó ti lọ, ọmọ mi," ni Àfáà Táhírù ti mọ́ṣáláṣí náà wí.

Ràzíátù gbé etí sí imú rẹ̀. Kò sí èémí. Ó tú aṣọ náà, ó yí Sànúsí kúrò lórí fóòmù sórí sìmẹ́ńtì.

"Ilẹ̀ lásán lo fẹ́ tẹ́ ẹ sí?" Àúdù bi í.

"Fóòmù á gbé agbára ọwọ́ mi mì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún."

Ó kúnlẹ̀. Ó fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan sí àárín àyà, ó gbé èkejì lé e, ó na ìgbọ̀nwọ́ gbọnrangandan. Ó ń tẹ̀ ẹ́ wọlé kíákíá, ó sì ń jẹ́ kí àyà dìde tán kí ó tó tún tẹ̀ ẹ́. Èdè Twi ló fi ń kà á, bí wọ́n ṣe ń kà á níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó gbé àgbọ̀n Sànúsí sókè, ó fi ìka dí i nímú, ó fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì.

"Ràzíátù! Ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ!"

"Bó bá jí, kó wá fẹ́ mi, Àfáà."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì yára bo ẹnu. Ràzíátù ti ń tẹ àyà padà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, nǹkan dún kàù nínú àyà náà. Àúdù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"O ń fọ́ eegun òkú àbúrò mi! Bó bá kú, ìwọ lo pa á!"

"Ṣé ó ti kú ni àbí kò tíì kú? Ẹ fi mí sílẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Ràzíátù tún tẹ àyà náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì kọjú sí Àúdù.

"Ẹ kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó ti ń rẹ̀ mí. Ẹ̀yin ló kàn."

Ikùn ni Àúdù kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé. Ràzíátù fà á sókè. "Ibí. Ẹ má ká ìgbọ̀nwọ́. Ẹ yára." Àúdù ń tẹ̀, ó ń sunkún. Ràzíátù ń kà, ó ń fẹ́ èémí. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Sànúsí wúkọ́. Ràzíátù fi ìka méjì sí ọrùn rẹ̀.

"Ẹ dúró. Ọkàn rẹ̀ ń lù."

Kwaku dé. Àwọn ọkùnrin gbé Sànúsí sẹ́yìn ọkọ̀, Àúdù wọlé, Àfáà wọlé. Ariwo gba àdúgbò. Ràzíátù jókòó ti ògiri, ìka rẹ̀ kò ṣeé ká.

"Ta ló ń wo àyà rẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn?"

"Ọlọ́run ń wò ó," ni Àúdù wí.

"Mo mọ̀. Nínú ẹ̀yin ńkọ́? Ọkàn rẹ̀ tún lè dúró."

Ràzíátù dìde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀."

Àfáà Táhírù bọ́ sílẹ̀. Ràzíátù jókòó sípò rẹ̀, ó gbé ìka méjì sí ọrùn Sànúsí. Kwaku wa ọkọ̀ lọ.