Ojú Àpá Àjẹ̀

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni bàbá kan fi wa ọkọ̀, tó ń gbé èrò sọdá odò. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ sókè òkun, bàbá ta ọkọ̀ náà fún ìrìn àjò ọmọ. Ó ní kò sẹ́ni tó máa di àjẹ̀ ìtukọ̀ mú mọ́ nínú ilé òun.

Ọdún kẹfà rèé lókè òkun, àjẹ̀ náà lọmọ ń dì mú látàárọ̀ dalẹ́. Ó ń ṣamọ̀nà àwọn olówó tó ń fowó ara wọn ra àárẹ̀ lójú òkun, kálukú nínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀. Ó kúkú ti parọ́ fún wọn nílé pé ọ́fíìsì lòun ń lọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, òun àti bàbá ń wo ara wọn lójú fóònù, ọmọ sì juwọ́ sí bàbá pé ó dàbọ̀.

"Dá ọwọ́ yẹn dúró," ni bàbá wí. Ó tẹjú mọ́ ibi tó ti le koko nísàlẹ̀ àtàńpàkò. "Àjẹ̀ nìyẹn."

Ọmọ bá jẹ́wọ́ pé àwọn olówó lòun ń ṣamọ̀nà lójú òkun.

"Níbo lo ń kó wọn lọ?"

"A kàn máa ń yí erékùṣù kan po ni, Bàbá. A ó wá padà síbi tá a ti gbéra."

Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀.

"Èmi ṣáà máa ń gbé èrò tèmi débi tí wọ́n ń lọ."