Agogo Ẹ̀yìn Pákó

Ọdún méjìlélógún gbáko ni Norman Tapscott fi kọ́ téṣàn rélùwéè Wenlow, ìlú wa, ní kékeré sórí pákó. Kì í ṣe Wenlow òní o, torí wọ́n ti ti téṣàn náà pa tipẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣoṣo nínú oṣù kẹwàá ọdún 1957 ni Tapscott ń kọ́. Òdòdó tí kì í tanná nínú oṣù kẹwàá kò gbọdọ̀ sí lẹ́bàá ojú irin rẹ̀. Ó kun bíríkì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó sì tú òrùlé téṣàn náà palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí pé ihò èéfín rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sí òsì.

Èmi Enid ni mò ń po tíì fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré, nítorí náà mo mọ̀ wọ́n dénú. Àgbà ọkùnrin mẹ́rìnlá tí wọ́n ń bínú síra wọn lórí ọ̀dà! Ṣùgbọ́n ìgbéraga Tapscott ju ti gbogbo wọn lọ. Bó bá dé ìdí iṣẹ́ ẹlòmíràn, rúlà ló máa kọ́kọ́ yọ lápò. Prosser, tó ń ṣe búrẹ́dì tẹ́lẹ̀, kọ́ ọgbà ẹranko sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tirẹ̀. Tapscott wò ó, ó yínmú.

"Prosser, àgùnfọn mélòó lo rí nílùú yìí lọ́dún náà?"

"Wọ́n pọ̀ ju ọkọ̀ tó ń dé téṣàn tìẹ lọ."

Òótọ́ ni Prosser sọ. Àkókò tí ọkọ̀ ojú irin ń dé Wenlow láyé ọjọ́un gan-an ni Tapscott ń tẹ̀ lé. Ọkọ̀ mẹ́fà péré ni lójúmọ́, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀kan fi ìṣẹ́jú kan yá. Àwọn èèyàn á wá síbi àfihàn ọdọọdún ẹgbẹ́ náà, wọ́n á dúró ti irin lásán títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wọ́n, wọ́n á sì gba ọ̀dọ̀ àgùnfọn lọ.

Ẹ̀yìn pákó gíga kan ni wọ́n ń tọ́jú àwọn ọkọ̀ náà sí, kí wọ́n tó jáde síta. Ibẹ̀ ni Muriel ìyàwó Tapscott ń jókòó. Agogo kékeré kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òmíràn wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ níwájú. Bí àkókò bá tó, Muriel á lu agogo pé ọkọ̀ ti ṣe tán, Tapscott á lù ú padà pé kó máa bọ̀. Bí ọkọ̀ bá wọ téṣàn, ọkùnrin náà á lù ú lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́ díẹ̀, á lù ú lẹ́ẹ̀kan: ó ti dé. Òfin ni pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn láìsí agogo, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kúrò nípò rẹ̀. Nítorí náà, láti ọdún méjìlélógún, obìnrin yìí kò tíì fojú rí ọkọ̀ kan kó wọ téṣàn náà rí. Agogo ló ń gbọ́.

Ife fàdákà tí wọ́n ń fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára jù níbi àfihàn ni Tapscott ń lé. Kò gbà á rí, torí ọdọọdún ni adájọ́ ń lọ kí ọkọ̀ tó dé. Lọ́dún yìí ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ìgbìmọ̀, wọ́n sì gbà pé adájọ́ á dúró síbẹ̀ ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ á dé ní ku mẹ́jọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ àfihàn, Muriel rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn dípò òun fún ọkọ̀ kan péré, kí òun lè wò ó. Tapscott ní ọwọ́ tó ń da tíì sáwo kò lè lu agogo. Inú bí mi débi pé mi ò fún un ní ṣúgà.

"Ọjọ́ mìíràn, Muriel," ló wí.

Adájọ́ dé. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo bíríkì. Ku mẹ́jọ pé, agogo ò dún. Ku méje. Tapscott lu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí Muriel láàárín èrò níwájú, tó mú ife tíì àti kéèkì dání.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Mo wá wo ọkọ̀."

"Ta ló máa lu agogo?"

"Ìwọ lo dá òfin, Norman. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò nípò rẹ̀, iwájú níbí sì ni ipò tèmi lónìí."

Ó wo ojú adájọ́, ó wo aago. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ó dìde, ó sì wọ ẹ̀yìn pákó lọ. A gbọ́ tó ń kọsẹ̀ lára àpótí ìjókòó ìyàwó rẹ̀. Kó tó wá agogo rí, adájọ́ ti wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ti gba ọ̀dọ̀ Prosser lọ.

Agogo dún. Muriel gbé ife tíì kalẹ̀, ó jókòó sí àga ọkọ rẹ̀, ó lù ú padà. Ọkọ̀ pupa kékeré kan jáde láti ẹ̀yìn pákó lábẹ́ afárá kékeré kan, ó gba ẹ̀bá àwọn bíríkì tí wọ́n kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró jẹ́jẹ́. Ó dára, ká má parọ́. Omi lé ròrò lójú obìnrin náà.

"Muriel," ni ohùn kan ń pè láti ẹ̀yìn pákó, "ṣé adájọ́ rí i? Báwo ló ṣe rí?"

Muriel mú kéèkì rẹ̀, ó gé e jẹ. Ó wá na ọwọ́ sí agogo, ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì lù ú lẹ́ẹ̀kan.