Àkèré Odò Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé, ẹ̀yin ọmọ mi, odò kan ń ṣàn lẹ́yìn oko bàbá mi, lápá ibi tí ẹ ń pè ní Mayfair lónìí. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ, ilé ló kún orí rẹ̀. Àkèré kan wà nínú odò náà tó ní ìlà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a kì í rí níbòmíràn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, a ó lọ mú un. Ìyá mi á yan án, wọ́n á fi se ọbẹ̀, àwa ọmọ á sì máa jà sí itan rẹ̀.

Lọ́dún kan, ẹyọ kan ṣoṣo la rí. Ìyá mi ti gbé ata kaná nígbà tí olùkọ́ yunifásítì kan yà sọ́dọ̀ wa. Ó bẹ bàbá mi pé kí wọ́n fún òun, òun á fi sínú ìgò sípíríìtì, kò ní jẹrà láéláé.

"Bàbá, ọmọ ọmọ yín á wá bá a níbẹ̀."

Bàbá mi gbé e fún un. Ìyá mi bínú, ilá lásán la sì fi jẹun lọ́jọ́ náà. Títí bàbá mi fi kú, kò sí àlejò tó wọ ilé wa ní Ìlódè tí wọn kì í sọ fún pé ẹran àwọn wà ní yunifásítì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú ọmọ ọmọ mi lọ wò ó. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú yàrá tí wọ́n ń kó irú ìgò bẹ́ẹ̀ sí ní yunifásítì bá wa gbé ìgò náà jáde. Omi dúdú ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú egungun díẹ̀ nísàlẹ̀. Òórùn rẹ̀ lé wa sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Kí n tó dé ibí, bí sípíríìtì bá ti fà, omi ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń bù lé e, kí ìgò lè kún lójú àwọn ọ̀gá tó bá wá yẹ̀ wọ́n wò. Omi yẹn ló bà á jẹ́."

Ó fi àwọn ìgò tuntun hàn mí, ìdérí wọn le dáadáa. Ó ní oṣooṣù lòun ń yẹ̀ wọ́n wò báyìí, sípíríìtì gidi lòun sì ń bù sí i. Mo kí i kú iṣẹ́, kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Odò wo la ti fẹ́ lọ mú òmíràn?

Ẹ ní ayé ti lajú. Láyé tiwa, ohun tí a bá gbà lọ́wọ́ ẹni pé a ó tọ́jú, a kì í bomi lé e kó lè kún lójú ọ̀gá. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Bá a ṣe ń padà bọ̀, ọmọ náà bi mí pé, "Màmá, báwo ni àkèré náà ṣe rí gan-an?"

Itan rẹ̀ tí a máa ń jà sí ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Ó dùn."