Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù Tó Gun Igi Dogonyaro

Èmi ni mo kọ́ òjò Kaduna bí yóò ṣe máa rọ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó kọ̀ sí mi lẹ́nu.

Ìyá tó ń ta ọjà lábúlé wa, lẹ́yìn Ungwan Boro, kì í ta máàgì fún ènìyàn láì kọ́kọ́ ka ìwé tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn sí i létí: "Òjò yìí yóò dá. Ẹ má tíì gbin àgbàdo." Mo rẹ́rìn-ín, mo gbìn. Gbogbo rẹ̀ ló gbẹ.

Ọmọ mi fi owó irúgbìn ránṣẹ́ láti Kawo sórí ẹ̀rọ POS ìyá náà. Kò sí nẹ́tíwọ́kì, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó ń ta irúgbìn ti fẹ́ lọ.

Mo ní, "Màmá, ebi ni yóò pa wá."

"Sannu, pẹ̀lẹ́ o, Bàbá elétí ikún."

Ó gun dogonyaro, ó na ẹ̀rọ sókè, owó wọlé.

Irọ́ ni ti igi àti ti owó. Ọkọ̀ lọ. Irúgbìn tó fi pamọ́ fún oko tirẹ̀ ló bù fún mi, oko rẹ̀ sì ṣófo lọ́dún náà. Ì bá wù mí kí ìyẹn náà jẹ́ irọ́.