Igi Kan Láti Ilé Kọ̀ọ̀kan

Òórùn imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ tó ń jó nínú ọyẹ́ ni ó máa ń gbé mi padà sí ìgbà ọmọdé mi ní Ìjerò. Ní ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn ọdún, a máa ń dáná ńlá ní ojúde àdúgbò wa. Ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò mú ìtì igi kan wá láti oko tirẹ̀, ìbáà ṣe ilé onígbàgbọ́ tàbí ti Mùsùlùmí. Àwa ọmọ a sì ki ọparun tútù bọ iná. Bí omi inú rẹ̀ bá ti gbóná, á bú gbàù bí ìbọn, a ó hó yèè. Ọparun ni báńgà tiwa. Ṣùgbọ́n igi ni àwọn àgbà máa ń wò. Bí ti ilé kan kò bá sí níbẹ̀, ẹnìkan á lọ kan ilẹ̀kùn wọn láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, òṣèlú ti da ìlú rú. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ kankan. Mo ṣì ń gbé láàrin wọn. Kí n ṣáà sọ pé ẹgbẹ́ tí bàbá mi ń ṣe kọ́ ni àdúgbò ń ṣe. À ń gbọ́ pé wọ́n ń fi bẹntiróòlù sun ilé ní ìlú mìíràn, bàbá mi sì ti sá lọ sí oko lẹ́bàá Ìlórò. Ó ku èmi àti ìyá mi. Ìyá mi ní iná yẹn ni yóò sọ fún wa bóyá wọ́n ṣì kà wá mọ́ra. Bí wọ́n bá gbé igi wọn wá bá tiwa, a lè fọkàn balẹ̀ sùn.

Mo ru igi kòkó wa jáde kí oòrùn tó wọ̀. Ojúde ṣófo. Ìyàwó ilé kejì yọjú lójú fèrèsé.

“Ta ló rán ọ?”

“Ìyá mi ni, mà.”

“Sọ fún un pé a ò yáná lọ́dún yìí. Àbí ẹ fẹ́ fi iná júwe wa fún àwọn tó ń sunlé ni?” Ó pa fèrèsé dé.

Mo jíṣẹ́ fún ìyá mi, ó jáde. Ó to imọ̀ ọ̀pẹ sábẹ́ igi náà, ó ṣáná sí i, ó sì ki ọparun bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó bú gbàù.

“Wọ́n ti dé o!” ni ẹnìkan ké. Àwọn ìyá ń fa ọmọ lọ́wọ́ sá gba ẹ̀yìnkùlé wọ oko kòkó. Ìyá mi ń pariwo pé, “Ọparun ni o! Ẹ̀yin ará wa, ọparun ni!” Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Àwọn tó ti ń gbọ́ ìró yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìyá àgbà Mùsùlùmí tó ń ta iyọ̀ ní òdìkejì ilé wa nìkan ni kò sá. Ó wọ́ ẹsẹ̀ jáde, igi lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá, ẹ̀yin ò sá?” ni ìyá mi bi í.

“Kí n sá fún ọparun, pẹ̀lú orúnkún mi yìí? Gba igi ulé mi jàre, kí o yéé pariwo sí mi létí.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn asunlé dé, wọ́n sì sun ilé wa lóòótọ́. Iyàrá ìyá oníyọ̀ ni a sá sí, a lúgọ sẹ́yìn àpò iyọ̀, à ń gbọ́ bí páànù òrùlé wa ṣe ń bú. Ìró rẹ̀ jọ ti ọparun. Kò sí ará àdúgbò kankan tó jáde.

Ìyá oníyọ̀ ti kú tipẹ́. Báńgà ni àwọn ọmọ ń jù nísinsìnyí, táyà ni wọ́n ń sun. Wọn kì í béèrè igi lọ́wọ́ ilé kankan. Bí báńgà bá bú, màá fi ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ ògiri. Síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn ọdún, mo máa ń gbé ìtì igi kan síwájú ilé mi. Ó ti wá yé mi pé ohun tí à ń wá níbi iná ìgbà náà ni ẹni tí yóò mọ̀ bí igi wa kò bá sí níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn kò jẹ́ kí n gbé e jáde. Mo dùbúlẹ̀, mo ń fetí sí ilẹ̀kùn. Báńgà nìkan ni mo gbọ́.