Omi tí Zlatka Dà Sẹ́nu Ọ̀nà

Ní Plovdiv níbí, bí ẹnì kan bá ń lọ ṣe ìdánwò, a máa ń da omi síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ kí nǹkan lè lọ geere. Zlatka, àgbà ọ́fíìsì wa, kì í kó kọ̀ǹpútà láti ibì kan lọ síbòmíràn láìda omi sẹ́nu ọ̀nà. Ognyan ọ̀gá wa, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, a sì máa kùn pé iná mànàmáná àti omi kì í ṣọ̀rẹ́.

Kọ̀ǹpútà ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọsibítù la fẹ́ kó lọ sínú kọ̀ǹpútà tuntun, láìdá iṣẹ́ wọn dúró. Òun alára ò ní ara, kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà ni; inú kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ti gbó ló ń gbé, fáìlì rẹ̀ sì wà nínú àká kan tí èyí tó gbó àti tuntun jọ ń lò. Ẹ̀ẹ̀mejì la gbé e lọ sínú tuntun, ẹ̀ẹ̀mejì ló kú bó ṣe débẹ̀, tí ojú kọ̀ǹpútà ń kọ pé: "A ò gbà ọ́ láàyè." A sáré dá a padà. Ognyan ní bó bá tún kú, àwọn ará olú ìlú, Sofia, ló máa gba iṣẹ́ náà, kí Zlatka lọ sinmi nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú gan-an.

"Kọ̀ǹpútà tuntun yìí ni ò dáa. Mo ti sọ ọ́!" ni Ognyan wí.

"Ọ̀gá, ẹ má tíì bú ẹni tuntun," Zlatka dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí n wo àgbà ilé ná."

Ó fi kọ̀ǹpútà kékeré mìíràn tí òun náà ò ní ara dán an wò, ó tẹjú mọ́ orúkọ ẹni tó ni fáìlì rẹ̀ nínú àká. Kékeré náà kọjá sínú tuntun wẹ́rẹ́. Bó ṣe kọjá tán, orúkọ yí padà. Ta ló yí i? Èyí tó gbó ni! Ó rò pé àlejò òun ti lọ pátápátá, ló bá dá fáìlì padà fún alákòóso àgbà tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ẹrù rẹ̀ ṣì wà nínú ilé. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà.

"Ẹ wá wò ó!" Zlatka pariwo. "Baba yìí ń palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn àlejò!"

"Àǹtí, kí la máa wá ṣe fún un?" ni mo bi í.

"Ká ní kó yéé fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan."

Ó pàṣẹ fún méjèèjì pé kí wọ́n má yí ẹni tó ni fáìlì padà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló yan ẹni tó ni ín, ó sì rí i pé nọ́ńbà kan náà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n níhà méjèèjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó da omi. Ognyan ò kùn; òun ló bá a di ife mú. Zlatka tẹ bọ́tìnì. 

Fóònù dún. Ọsibítù ni. Ognyan rò pé ó tún ti kú. Zlatka gbé e.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ní ẹ máa kó wa láàárọ̀ yìí," ni obìnrin ilé àyẹ̀wò wí. "Ìgbà wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an? Èrò pọ̀ níbí, a ti ń ṣiṣẹ́ lọ o."

Zlatka wo ojú kọ̀ǹpútà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"A ti parí, ọmọ mi," ló wí.

Ognyan lọ mú aṣọ ìnulẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀, ó ń nu omi ẹnu ọ̀nà.